Sàkáà Tó Ń Dé Kí Àìsàn Tó Padà

  

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí àìsàn kan tí kò wọ́pọ̀. Ẹ má tìtorí pé kò wọ́pọ̀ ṣí ojú ìwé yìí kọjá o, ọ̀rọ̀ sàkáà wa gan-an ló wà nínú rẹ̀.

Ká ní ìyá kan ń tajà ní Ilé-Ogbó. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ó jí lọ́jọ́ kan, ojú kan ń dùn ún, kò sì fi í ríran dáadáa. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, ojú náà ṣókùnkùn. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kú, kò sì lè tọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé òsúkè àti èébì tí kò dáwọ́ dúró ló máa fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì ti fún un ní oògùn ọgbẹ́ inú títí ó fi sú wọn. Aládùúgbò á ní wọ́n ṣe é ni. Rúkíyà kò burú, ṣùgbọ́n Ànábì wa pàápàá pàṣẹ pé ká wá oògùn.

Àwọn oníṣègùn ń pe àìsàn yìí ní neuromyelitis optica, NMO ni wọ́n ń gé e sí. Eugène Devic, dókítà ará Faransé, ló ṣe àlàyé rẹ̀ yékéyéké ní 1894. Kò sí kòkòrò nínú rẹ̀, kì í ràn, kì í sì í ṣe èpè. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa ni àwọn ẹ̀ṣọ́ wà tí Ọlọ́hun fi síbẹ̀ láti máa bá àrùn jà. Lára ẹni tó ní NMO, àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí ṣi ilé mọ̀, wọ́n ń gbógun ti onílé. Ní 2004, Vanda Lennon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà rí ẹ̀ṣọ́ náà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn. Lọ́dún kejì wọ́n mọ ohun tó ń gbógun tì: aquaporin-4, èyí tó dà bí ilẹ̀kùn tí omi ń gbà wọlé tó ń gbà jáde nínú iṣan ojú àti mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn. Láti ìgbà náà ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti wà fún un.

Kì í ṣe àìsàn òyìnbó. Nínú àwọn tí àyẹ̀wò yìí mú, bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló jẹ́ obìnrin, ó sì ń bá àwa aláwọ̀ dúdú jà ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Ìwádìí kan tó jáde ní 2016 rí nǹkan bí ẹni 10 nínú 100,000 ní erékùṣù Martinique, níbi tí aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí, àti bíi 4 péré nínú 100,000 ní àgbègbè kan ní ìpínlẹ̀ Minnesota. Nílé níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun ti kọ̀wé ní 1971 lórí àwọn àìsàn ọpọlọ àti iṣan tí wọ́n rí ní UCH Ìbàdàn, NMO sì wà lára wọn.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin. Àìsàn yìí kì í jẹ ènìyàn díẹ̀díẹ̀ bí ìpẹta. Ó máa ń kọlù, yóò dáwọ́ dúró, yóò tún padà kọlù. Ìkọlù kọ̀ọ̀kan ló ń mú nǹkan lọ, ohun tó bá sì mú lọ lè má padà mọ́. Láàrin ìkọlù méjì, ìyá yẹn á padà sọ́jà, á máa rẹ́rìn-ín, àwa náà á sì pa fáìlì rẹ̀ dé. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kó máa gba oògùn.

Báwo la ṣe mọ̀ pé oògùn lè dá ìkọlù dúró? Àwa a máa ń sọ pé, “Lágbájá lò ó, ara rẹ̀ yá.” Ṣùgbọ́n àìsàn tó ń lọ fúnra rẹ̀, tó sì ń padà nígbà tó wù ú, kò ṣeé fi irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ mọ̀. Ẹni tó mu àgbo tí kò rí ìkọlù fún ọdún kan, ó lè jẹ́ àgbo ni, ó sì lè má jẹ́ àgbo.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ṣe ìdánwò. Oògùn tí wọ́n dán wò jẹ́ ẹ̀ṣọ́ tí a ṣe ní yàrá ìwádìí, tí wọ́n rán láti lọ dá àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ṣìnà lẹ́kun. Nínú ìdánwò N-MOmentum, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2019, 230 ènìyàn ni wọ́n kó jọ láti orílẹ̀-èdè 25. Wọ́n ṣẹ́ kèké fún wọn: 174 gba inebilizumab, 56 gba omi tí kò ní oògùn nínú. Aláìsàn kò mọ èyí tí òun gbà, dókítà tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kò mọ̀ pẹ̀lú. Láàrin bí oṣù mẹ́fà àbọ̀, àìsàn padà sára ẹni 22 nínú àwọn 56 yẹn. Nínú àwọn 174, ẹni 21 ni. Lọ́dún kan náà ni èsì eculizumab jáde: ẹni 3 nínú 96 ló rí ìkọlù, nígbà tó jẹ́ 20 nínú 47 lára àwọn tí kò gbà á. Satralizumab náà dín ìkọlù kù.

Ẹnìkan lè béèrè pé, àwọn 56 tó gba omi lásán ńkọ́? Ìbéèrè ọmọlúàbí ni. Wọ́n sọ fún wọn tẹ́lẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí i. Ẹni tí àìsàn bá padà sí lára, wọ́n á tọ́jú ìkọlù náà, wọ́n á sì fún un láyè láti bọ́ sórí oògùn gidi. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ìdánwò náà sì ní kí wọ́n má gba ènìyàn kún un mọ́ nígbà tí wọ́n rí i pé oògùn ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó kan ravulizumab, wọn kò fún ẹnikẹ́ni ní omi lásán mọ́. Gbogbo ẹni 58 ló gba oògùn, wọ́n wá fi wọ́n wé àwọn 47 ti ìdánwò eculizumab. Kò sí ẹnì kan nínú àwọn 58 tó rí ìkọlù. Àwa ní Nàìjíríà mọ ìdí tí ìfọwọ́sí fi ṣe pàtàkì. Ní 1996, lásìkò àrùn lọ́rùnlọ́rùn ní Kano, Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé, àwọn òbí sì sọ pé wọn kò jẹ́ kó yé àwọn. Ọ̀rọ̀ náà di ẹjọ́, ó di 2009 kí wọ́n tó fi 75 mílíọ̀nù dọ́là yanjú rẹ̀ pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ Kano.

Owó wá ńkọ́? Eculizumab ju 500,000 dọ́là lọ lọ́dún ní Amẹ́ríkà. Sàkáà gbogbo Ìwó kò lè gbé e. Ṣùgbọ́n rituximab wà, oògùn tó ti pẹ́, tí ilé iṣẹ́ púpọ̀ ń ṣe báyìí, tí owó rẹ̀ sì rẹlẹ̀ sí ti àwọn yòókù. Wọ́n dán an wò ní Japan, èsì rẹ̀ jáde ní 2020: nínú ẹni 19 tó gbà á, kò sí ẹni tí àìsàn padà sí lára. Nínú ẹni 19 tí kò gbà á, ẹni 7. Ìdánwò kékeré ni, àmọ́ ó wúlò fún irú wa. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń fà á sára. Fún ẹni tí agbára rẹ̀ kò tó ìyẹn, àwọn dókítà a máa lo azathioprine, hóró oògùn tí a ń lò lójoojúmọ́.

Kì í ṣe oògùn tí a ń rà ní kẹ́míìsì láìrí dókítà. Ó lè jí àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B dìde lára ẹni tó ti fara sin sí, àrùn yẹn sì pọ̀ láàrin wa, nítorí náà àyẹ̀wò rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣáájú. Bẹ́ẹ̀ ni oògùn àìsàn mìíràn tó fara jọ NMO, multiple sclerosis, lè mú NMO burú sí i. Dókítà ọpọlọ àti iṣan ni kó sọ èyí tó jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ sàkáà. Nínú Suuratu Tawbah, aaya 60, ọ̀nà mẹ́jọ ni Ọlọ́hun là sílẹ̀ fún sàkáà. A kò dárúkọ aláìsàn níbẹ̀, a kò sì dárúkọ ọmọ òrukàn. Ẹnu ọ̀nà àìní ni àwọn méjèèjì ń gbà wọlé, gẹ́gẹ́ bíi fàkírì tàbí mìsíkínì. Ọmọ òrukàn tí bàbá rẹ̀ fi dúkìá tó tó o sílẹ̀ fún kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Owó ìwádìí oògùn, sàráà àti wákàfù ló yẹ ká fi ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n opó tí kò lówó oògùn, fàkírì ni, lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ yá pàápàá. Ohun tí a sábà ń ṣe ni pé a máa dúró títí yóò fi jẹ ilé ìwòsàn ní gbèsè, kó tó wá bá ẹnu ọ̀nà onígbèsè wọlé. Ojú ti lọ nígbà yẹn. Ọmọ rẹ̀ tó yẹ kó wà nílé ìwé ló ń fà á lọ́wọ́ káàkiri, òun náà á sì bọ́ sọ́rùn ẹgbẹ́ wa.

Àwọn kan ń béèrè pé ṣé a lè yọ sàkáà kí ọdún tó pé. Al-Abbas, àbúrò bàbá Ànábì, tọrọ àyè láti yọ tirẹ̀ ṣáájú, Ànábì sì gbà fún un. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn Málíkì, tí ọ̀pọ̀ aáfà wa ń tẹ̀lé, kò fàyè gbà á bí kò ṣe nígbà díẹ̀ ṣáájú. Ẹni tó bá fẹ́ dúró lórí ti Málíkì lè fi sàráà dí àlàfo náà. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.

Àbá tí a máa gbé síwájú ìpàdé tó ń bọ̀ ni pé kí ìwé àkọsílẹ̀ wa ní ojú ìlà kan fún ọjọ́ tí oògùn tó kàn yẹ kó wọlé, kì í ṣe ọjọ́ tí ó dùbúlẹ̀ nìkan. Kí owó oògùn àti owó ọkọ̀ dé Ìbàdàn tàbí Òṣogbo ti wà nílẹ̀ ní oṣù kan ṣáájú ọjọ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń yọ sàkáà ní Rámádáánì nìkan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá akápò sọ̀rọ̀ nípa oṣù mẹ́fà tó kù.