Ìpanu Aláta Tí A Fẹ́ Pín: Kí Ó Jẹ́ Sàráà, Kí Ó Má Di Àìsàn

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó ń pèsè oúnjẹ fún wa, tó sì fún wa ní ìlera tí a fi ń jẹ ẹ́. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ó ṣòro kí àwa Mùsùlùmí pé jọ nílẹ̀ yìí kí a má pín nǹkan. Ní àsàlátù ọjọ́ Àìkú, níbi ìsọmọlórúkọ, níbi wòlímọ́tù àwọn ọmọ kéú, nígbà ìṣínu nínú oṣù Rámádánì, ẹnì kan á gbé ọ̀rá dé, á ní kí wọ́n bá òun pín in. Lára ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń ṣe nílé ni àdàpọ̀ ìpanu aláta: ẹ̀pà, kajú, àgbọn àti gúgúrú, tí a fi ata àti atalẹ̀ sí, tí a yan títí ó fi gbẹ. Ó dùn, ó rọrùn láti pín, kì í sì í tètè bàjẹ́. Nínú ẹ̀kọ́ oṣù yìí, a ó kọ́ bí a ṣe ń ṣe é. Ṣùgbọ́n a ó kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣe pàtàkì ju adùn rẹ̀ lọ.

Oúnjẹ tí a pín, àmánà ni

Ẹni tó ń jẹun nílé ara rẹ̀ mọ ohun tó fi sínú ìkòkò. Ẹni tí a fún ní sàráà kò mọ̀. Ó kàn fọkàn tán wa ni. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí a fi ẹ̀pà lé lọ́wọ́ ní mọ́ṣáláṣí kì í béèrè ohunkóhun. Ẹnu ló ń fi í sí.

Nínú Súúrátù Bákárà, ẹsẹ 168, Ọlọ́hun so nǹkan méjì pọ̀ nípa ohun tí a ó jẹ: kí ó jẹ́ hàláàlì, kí ó sì jẹ́ èyí tó dára. Àkọ́kọ́ kì í bọ́ lọ́wọ́ wa. A máa ń béèrè bí wọ́n ṣe pa ẹran, a máa ń béèrè ibi tí owó ti wá. Èkejì ni a kì í fi bẹ́ẹ̀ béèrè: ṣé ó mọ́, ṣé kò ní pa ẹni tí yóò jẹ ẹ́ lára? Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì kọ́ wa pé a kò gbọ́dọ̀ ṣe ara wa tàbí ẹlòmíràn ní ìpalára. Nítorí náà, láádá inú pípín oúnjẹ kò yọ wá kúrò nínú ojúṣe wa lórí ohun tí a pín.

Ṣíṣà ẹ̀pà ni iṣẹ́ gidi

Ẹ̀pà tí omi bá kàn, tí kòkòrò jẹ, tàbí tí wọn kò sá gbẹ dáadáa kí wọ́n tó dì í sínú àpò, olú wẹ́wẹ́ kan máa ń hù sí i lára. Olú yìí ló ń mú májèlé tí àwọn onímọ̀ ń pè ní aflatoxin jáde. Ẹ̀dọ̀ ni májèlé náà ń bá jà. Bí ó bá wọ ara lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè pa ènìyàn. Bí a bá ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀, pàápàá fún ẹni tó ti ní hepatitis B lára.

Ọdún 1960 ni àṣírí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú, nígbà tí tòlótòló tó lé ní 100,000 kú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé ẹ̀pà lílọ̀ tó ti bu, tí wọ́n kó wọlé láti Brazil, ló wà nínú oúnjẹ wọn. Ní ọdún 2004, ó kan ènìyàn. Ní ìlà-oòrùn àti àárín orílẹ̀-èdè Kenya, àgbàdo tó ti bu ni àwọn ìdílé ń jẹ. Ènìyàn 317 ni àìsàn kọlù, 125 nínú wọn sì kú. Oúnjẹ ojoojúmọ́ tí wọ́n sè nílé ara wọn ni wọ́n jẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ìpanu wa nìyí: iná kì í mú májèlé yìí kúrò tán. Yíyan lè dín in kù, àmọ́ yóò ṣẹ́kù. Ata ńkọ́? Ata kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Bí ẹ̀pà tó ti bu bá korò lẹ́nu, ìkorò yẹn ni yóò mú kí ènìyàn tu ú dànù. Bí a bá wá fi ata, atalẹ̀, iyọ̀ àti oyin bò ó, a ti pa ìkìlọ̀ náà mọ́lẹ̀ nìyẹn. Ìdí nìyí tí ẹni tó fẹ́ ṣe ìpanu aláta fi gbọ́dọ̀ ṣa ẹ̀pà rẹ̀ ju ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ̀pà lásán lọ.

Bí a ó ṣe ṣà á nìyí. Kí a da ẹ̀pà sórí àtẹ funfun níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Kí a yọ èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà, èyí tó rún, èyí tí kòkòrò ti lu, èyí tó ti fẹ́ hù, àti èyí tí nǹkan bí ìyẹ̀fun funfun tàbí àwọ̀ ewé wà lára rẹ̀. Bí àwọn tó bàjẹ́ bá pọ̀ nínú ẹ̀pà tí a rà, kí a má lò ó rárá. Èyí tí a ṣà dànù, kí a má fún adìẹ, kí a má sì lọ̀ ọ́ mọ́ èyí tí a ó fi ṣe kúlíkúlí. Ohun tó pa tòlótòló lè pa adìẹ. Kajú, àgbọn àti ata gbígbẹ náà ń bu. Ẹ yẹ gbogbo wọn wò. Ó sàn kí a ra ata tí a fojú rí, kí a gún un nílé, ju kí a ra èyí tí wọ́n ti gún kalẹ̀.

Ọwọ́ tí yóò ṣe é

Àlùwàlá jẹ́ ìmọ́tótó fún ìrun, ṣùgbọ́n omi nìkan kò tó fún ọwọ́ tó fẹ́ pèsè oúnjẹ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kí a fi fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 20, títí dé àárín ìka àti abẹ́ èékánná. Bí a bá fọwọ́ kan fóònù tàbí owó, kí a tún un fọ̀. Ẹni tí inú ń ṣu gbuuru tàbí tó ń bì kò gbọ́dọ̀ ṣe oúnjẹ tí a ó pín, títí di wákàtí 48 lẹ́yìn tí ó bá ti dáwọ́ dúró. Kí ẹlòmíràn bá a ṣe é. Aniyàn rere rẹ̀ kò lè bọ́ sọnù lọ́dọ̀ Ọlọ́hun.

Èròjà àti bí a ṣe ń ṣe é

Èyí tó ọ̀rá kéékèèké 18, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ìdajì ife:

Ẹ̀pà tútù tí a ti ṣà, ife 3
Kajú, ife 1
Àgbọn tí a gé pẹlẹbẹ, ife 1
Gúgúrú tí a ti yan, ife 4
Òróró ẹ̀pà, ṣíbí ìjẹun 2
Oyin, ṣíbí ìjẹun 1
Ata gígún, ṣíbí ìmutíì 1
Atalẹ̀ gbígbẹ gígún, ṣíbí ìmutíì 1
Iyọ̀, ìdajì ṣíbí ìmutíì

1. Kí a tan ààrò onígáàsì tí a fi ń ṣe kéèkì, kí ooru rẹ̀ wà ní dígírì 150. Kí a tẹ́ ẹ̀pà nìkan sínú páànù, kí ó má gun orí ara wọn, kí a yan án fún ìṣẹ́jú 15.

2. Nínú abọ́ ńlá, kí a po òróró, oyin, ata, atalẹ̀ àti iyọ̀ pọ̀. Kí a da ẹ̀pà gbígbóná náà, kajú àti àgbọn sí i, kí a fi ṣíbí onígi rò ó títí gbogbo rẹ̀ yóò fi kan èròjà.

3. Kí a dá a padà sínú ààrò fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, kí a máa rò ó ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Àgbọn ló máa ń kọ́kọ́ jó, òun ni kí a máa wò.

4. Kí a la ẹ̀pà kan sí méjì. Bí inú rẹ̀ bá ti pọ́n díẹ̀, ó ti jinná. Ẹ̀pà yóò tún le sí i bí ó bá ti tutù.

5. Kí a ṣa gúgúrú tí kò là kúrò, kí a wá da ìyókù mọ́ ọn.

Ẹni tí kò ní ààrò lè lo ìkòkò ńlá tó nípọn. Kí ó da yanrìn gbígbẹ tó mọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ó gbé páànù lé e lórí, kí ó fi ọmọrí dé e, kí iná má pọ̀ jù. Yóò pẹ́ ju ti ààrò lọ, nítorí náà ẹ̀pà tí a là ni kí a fi mọ̀ bí ó bá ti jinná.

A kò fi magí sí i, nítorí iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àgbàlagbà níyànjú pé kí gbogbo iyọ̀ tí yóò jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn nǹkan bí ṣíbí ìmutíì kan. Àwọn bàbá àti ìyá wa tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára àwọn tí a ń pín in fún.

Kí ó tutù kí a tó dì í

Kí a tẹ́ ẹ sórí àtẹ tó mọ́, kí a fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó nítorí eṣinṣin, kí a fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan. Bí a bá dì í nígbà tó ṣì ń gbóná, yóò làágùn nínú ọ̀rá, ọ̀rinrin yẹn ni olú tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè sì ń fẹ́. Ṣíbí ni kí a fi bù ú sínú ọ̀rá, kí ó má jẹ́ ọwọ́. Kí a má fi ìwé ìròyìn wé e, nítorí yíǹkì rẹ̀ máa ń ràn mọ́ oúnjẹ. Kí a jẹ ẹ́ tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Lẹ́yìn náà, kí a kọ ọ́ sára ọ̀rá: “Ẹ̀pà, kajú, àgbọn àti oyin wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 5.” Kí a kọ ọjọ́ tí a ṣe é pẹ̀lú. Gọ́ọ̀mù ni kí a fi lẹ ìwé náà. Kí a má fi píìnì kàn án, kí ó má baà bọ́ sínú oúnjẹ.

Àwọn tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́

Ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 5: ẹ̀pà, kajú àti gúgúrú lè há sí ọ̀nà èémí rẹ̀. Ẹ fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n tàbí búrẹ́dì rírọ̀. Ọmọ tí kò tí ì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu kan oyin rárá.

Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba ẹ̀pà: ètè tàbí ojú rẹ̀ lè wú, ara lè sú u, ó lè bì, èémí rẹ̀ sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í há. Bí èémí bá ń há tàbí tí ojú ń wú, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, nítorí abẹ́rẹ́ adrenaline ni yóò gbà á. Oògùn tí a ń lò fún ara yíyún kò lè rọ́pò rẹ̀. Òbí tó mọ̀ pé ara ọmọ òun kò gba ẹ̀pà, kí ó sọ fún ààfáà ilé kéú lónìí, kí ó má dúró dìgbà tí wọ́n bá ń pín nǹkan.

Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú: ata kọ́ ló ń fa ọgbẹ́ inú. Kòkòrò àrùn kan àti àlòjù àwọn oògùn ara ríro bí aspirin àti ibuprofen ló sábà ń fà á. Síbẹ̀, ata lè mú kí inú ẹni tó ti ní in máa ta á. Kí a ṣe díẹ̀ láìfi ata sí i, kí a sì kọ ọ́ sára ọ̀rá.

A tún ń rọ àwọn aláṣẹ mọ́ṣáláṣí kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n yan ẹnì kan tí yóò máa gba ohun tí àwọn ènìyàn bá gbé wá, kí ó sì béèrè nǹkan mẹ́ta: kí ló wà nínú rẹ̀, ìgbà wo la ṣe é, àwọn wo ni kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́? Kí ẹnikẹ́ni má ka ìbéèrè yìí sí ìwọ̀sí. Àwọn ọmọ wa la fi ń dáàbò bò.

Ìbéèrè fún ìdílé

1. Kí ló dé tí ìpanu aláta fi nílò ẹ̀pà tí a ṣà dáadáa ju ẹ̀pà lásán lọ?
2. Ta ni nínú ilé wa tàbí ní àdúgbò wa tí ara rẹ̀ kò gba oúnjẹ kan? Ṣé àwọn tó ń bá a jẹun mọ̀?
3. Nígbà tí a pín oúnjẹ kẹ́yìn, kí ni a sọ fún àwọn tó gbà á nípa ohun tó wà nínú rẹ̀?

Kí Ọlọ́hun gba sàráà wa, kí Ó fi àlàáfíà sí oúnjẹ wa, kí Ó má jẹ́ kí ohun tí a fi ṣe oore di ìpalára fún ẹnikẹ́ni. Àmín.