Ẹ Fi Àdá Bi Ìtì Igi Léèrè

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wá jókòó síbi tí ìbòòji wà. Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ wọn kábọ́ọ̀nù inú igbó ìhà Tẹ̀dé yìí, ẹ sì ti ra téèpù tí ẹ ó máa fi wọn igi tó dúró. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo ní fún yín, igi tó ti wó ló kàn.

Ní ọdún kan, àwọn ọ̀dọ́ kan wá wọn igi níhìn-ín, wọ́n ní kí n máa fọ̀nà hàn wọ́n. Láàárọ̀, iṣẹ́ wọn wú mi lórí. Nígbà tó di ọ̀sán, tí oòrùn mú, ẹni tó mú ìwé lọ́wọ́ kò bẹ̀rẹ̀ wo ìtì kankan mọ́. Á dúró lókèèrè, á ní "líle ni," á kọ ọ́ sílẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ ọ̀kan nínú àwọn tó pè ní líle, ẹsẹ̀ mi sì wọ inú rẹ̀ dé ọrùn-ẹsẹ̀. Ikán tú jáde bí ìgbà tí èèyàn da ọkà bàbà sílẹ̀. Mo rò pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, mo dákẹ́. Ó ń dùn mí dòní pé mo dákẹ́.

Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ IPCC, tí wọ́n ń bá àwọn ìjọba ayé ṣírò ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, pín ibi tí kábọ́ọ̀nù igbó ń gbé sí márùn-ún: ara igi tó wà lókè ilẹ̀, gbòǹgbò, òkú igi, ìràwé, àti iyẹ̀pẹ̀. Òkú igi yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò kọjá. Ìṣirò kan tó jáde ní 2011 sọ pé kábọ́ọ̀nù tó wà nínú igbó gbogbo ayé tó 861 bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, pé bíi 73 bílíọ̀nù nínú rẹ̀ wà nínú òkú igi. Ẹrù yẹn kì í jókòó sójú kan. Bí igi bá ṣe ń jẹrà ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń padà sínú afẹ́fẹ́, tí díẹ̀ sì ń wọ ilẹ̀.

Wíwọn rẹ̀ kò le tó bí ẹ ṣe rò. Ní 1964, Warren àti Olsen ń wá bí wọn ó ṣe mọ iye igi tí àwọn agégẹdú fi sílẹ̀ nínú igbó ní New Zealand, wọ́n sì rí i pé ìlà tó tọ́ nìkan tó. Van Wagner, ará Kánádà, tún ìṣirò rẹ̀ ṣe ní 1968. Ẹ na okùn 100 mítà gbọọrọ, ẹ má yà fún ẹ̀gún, ẹ má yà fún ọ̀gán. Ìtì tí okùn bá gba orí rẹ̀ kọjá, tí ìbú rẹ̀ níbẹ̀ tó 10 sẹ̀ǹtímítà, ẹ wọn ìbú náà ní ojú ibi tí okùn ti kàn án gan-an. Ẹ kò nílò gígùn rẹ̀. Ẹ sọ ìbú kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 9.87, kí ẹ wá fi 800 pín in, torí pé okùn yín jẹ́ 100 mítà. Ohun tó bá jáde ni iye kúbíìkì mítà òkú igi tó wà lórí hẹ́kítà kan.

Ẹ jẹ́ ká fi ìtì mẹ́rin ṣe àpẹẹrẹ: 10, 12, 20 àti 30 sẹ̀ǹtímítà. Àròpọ̀ wọn á jẹ́ 1,544, á sì fún wa ní nǹkan bíi kúbíìkì mítà 19. Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi tó mú ìwé lọ́wọ́ ti kọsẹ̀. Ká ní igi líle wúwo tó 600 kílò ní kúbíìkì mítà kan, tó bá pe gbogbo rẹ̀ ní líle, á kọ tọ́ọ̀nù 11.4. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ìtì ńlá yẹn, tó tó kúbíìkì mítà 11 fúnra rẹ̀, ti jẹrà, tí kúbíìkì mítà rẹ̀ kò ju 250 kílò lọ, gbogbo ẹrù náà á jẹ́ nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 7.5. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ nínú ohun tó kọ tó jẹ́ òfìfo! Kábọ́ọ̀nù sún mọ́ ìdajì igi gbígbẹ, 0.47 ni IPCC máa ń lò, tọ́ọ̀nù kábọ́ọ̀nù kan sì ń di bíi tọ́ọ̀nù 3.67 gáàsì kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì nígbà tó bá bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Irọ́ kékeré tí wọ́n pa nídìí ìtì kan ti di ńlá kó tó dé orí tábìlì àwọn tó ń fi ìwé náà ṣòwò kábọ́ọ̀nù.

Nítorí náà, àdá. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ pé àdá làwọn onímọ̀ fúnra wọn ń lò. Ẹ sá ìtì náà lẹ́ẹ̀kan. Bí àdá bá ta padà, líle ni. Bó bá wọlé díẹ̀ tí igi sì bù, ó wà láàárín. Bí igi bá tú ká, ó ti jẹrà. Kí ọwọ́ kan náà máa sá a láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, torí apá ọmọ ogún ọdún kì í ṣe apá mi. Bí inú ìtì bá ní ihò, ẹ wọn ihò náà, kí ẹ yọ ọ́ kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ gé díẹ̀díẹ̀ nínú oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sílé, kí ẹ lè mọ bí kúbíìkì mítà kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe wúwo tó. Ẹ fi ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé e kó má bàa fa omi mu, ẹ rì í sínú báàkẹ́ẹ̀tì tó kún dẹ́nu, kí ẹ wọn omi tó dà sílẹ̀. Ẹ wá gbé igi náà sínú ófùn títí ìwúwo rẹ̀ kò fi ní dín mọ́. Ẹ má sọ pé ọyẹ́ ti gbẹ ẹ́. Ọyẹ́ kì í gbẹ omi inú igi tán.

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà rí níbi gbogbo. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹnu tó ń jẹ òkú igi pọ̀. Iná ìgbẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn lè sọ ìtì kan di eérú lóru ọjọ́ kan. Olú ń jẹ ẹ́ nígbà òjò. Àwọn ìyá wa ń ṣẹ́ ẹ nígi ìdáná. Ẹ má bá wọn jà, ẹ bi wọ́n ní iye ìdì tí wọ́n ń gbé lọ́sẹ̀, torí ìwé yín kò pé láìsí wọn. Àwọn asunèédú ni ọ̀rọ̀ wọn le. Wọ́n á bẹ́ igi ayìn tútù tàbí igi òrí tó ń so, wọ́n á wá ní òkú igi ni àwọn rí. Ẹ wo kùkùté rẹ̀ kí ẹ tó gbà wọ́n gbọ́.

Ikán náà sì ń jẹ ẹ́. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ibi 133 káàkiri ayé, tó jáde ní 2022, rí i pé bí ibì kan bá fi 10 sẹ́ntígíréèdì gbóná ju ibòmíràn, ikán ibẹ̀ ń jẹ igi yá ní ìlọ́po tó ju mẹ́fà lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ má kan mú ìwọ̀n tí wọ́n fi ṣírò igbó olótùútù ilẹ̀ Yúróòpù wá síbí. Ní ìlà-oòrùn wa, Old Oyo National Park, tó gba orúkọ yẹn ní 1991, fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó, Tẹ̀dé sì jẹ́ ọ̀kan nínú ẹ̀ka márùn-ún tí wọ́n pín in sí. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ kí ẹ tó gé ohunkóhun níbẹ̀, kí ẹ sì fi ohun tí ẹ bá rí wé ti oko wa níhìn-ín.

Lẹ́yìn ọjọ́ tí mo dákẹ́ yẹn, mo kan ìṣó kan mọ́ ìtì igi ìyá kan tí ìjì dà wó lẹ́bàá oko mi, mo sì ń lọ wò ó lọ́dọọdún nígbà ọyẹ́. Ọdún kìíní, orí ìṣó nìkan ló yọ. Nígbà tó yá, ikán mọ iyẹ̀pẹ̀ bo èèpo rẹ̀, ìṣó ń mì bí eyín àgbà. Lọ́dún tó kọjá, mo bá ìṣó náà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí iyẹ̀pẹ̀ dúdú kan tó rọ̀ bí èlùbọ́, tí koríko ibẹ̀ tutù ju ti àyíká rẹ̀ lọ. Òun nìyí nínú àpò mi, ó ti dípẹtà. Igi irúgbá kan tún ti wó lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò lóṣù tó kọjá, àdá ṣì ń ta padà lára rẹ̀. Orúnkún mi kò lè gbé mi débẹ̀ mọ́. Ẹ gba ìṣó yìí, ẹ kọ ọjọ́ òní sínú ìwé, kí ẹ lọ kàn án mọ́ ọn.