Iṣẹ́ Abẹ Ọkàn àti Ìpààrọ̀ Ẹ̀dọ̀ Nígbà Kan Náà: Àlàyé fún Olùkọ́ Èdè Yorùbá

Ìfáàrà
Nínú èdè Yorùbá, ọkàn ni ibi ìrònú, òun náà sì ni ẹ̀yà ara tí ń lù nínú àyà. Èyí tí ń lù nínú àyà ni iṣẹ́ yìí dá lé lórí, pẹ̀lú ẹ̀dọ̀ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́, tí ó sì ń pèsè èròjà tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì bí ènìyàn bá fara gbọgbẹ́. Kí ni oníṣègùn lè ṣe bí àìsàn bá mú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà?

Iṣẹ́ abẹ méjèèjì
Iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ bọ́ ọkàn máa ń dí nígbà mìíràn. Oníṣẹ́ abẹ yóò mú iṣan láti ẹsẹ̀ tàbí inú àyà aláìsàn, yóò fi la ọ̀nà mìíràn tí ẹ̀jẹ̀ yóò gbà kọjá ibi tí ó dí. Iṣẹ́ tí René Favaloro ṣe ní Cleveland ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1967 ni ó sọ ọ̀nà yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ní ti ẹ̀dọ̀ tí ó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ṣe ni a ń pààrọ̀ rẹ̀. Thomas Starzl ni ó kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ lára ènìyàn, ní Denver lọ́dún 1963. Aláìsàn náà kú, ṣùgbọ́n lọ́dún 1967 iṣẹ́ náà yọrí sí rere.

Ibi tí ìṣòro wà
Bí a bá kọ́kọ́ ṣe ti ọkàn nìkan, ẹ̀jẹ̀ lè má dá. Ẹ̀rọ tí ń ṣiṣẹ́ dípò ọkàn ń béèrè oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀dọ̀ tí ó bàjẹ́ kò lè pèsè èròjà tí yóò mú un dì. Ẹ̀dọ̀ náà sì lè daṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Bí a bá kọ́kọ́ ṣe ti ẹ̀dọ̀, ọkàn tí kò rí ẹ̀jẹ̀ tó lè dúró, pàápàá ní ìṣẹ́jú tí a bá tú ẹ̀jẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀ tuntun, nígbà tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń já wálẹ̀. Báyìí ni aláìsàn ṣe ń há sí àárín: ti ọkàn ń dúró de ti ẹ̀dọ̀, ti ẹ̀dọ̀ ń dúró de ti ọkàn.

Ọ̀nà àbáyọ
Bí tinrín okùn onírin tí a ń tì gba inú iṣan bá lè la ibi tí ó dí, òun ni a sábà máa ń lò ṣáájú ìpààrọ̀ ẹ̀dọ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, a lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì ní ìjókòó kan, ti ọkàn ṣáájú, kí ọkàn tí a ti tún ṣe lè gbé wàhálà ti ẹ̀dọ̀. Nígbà mìíràn, a máa ń ṣe ti ọkàn bí ó ti ń lù, láìlo ẹ̀rọ, kí oògùn náà lè dín kù. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: oníṣẹ́ abẹ ọkàn àti ti ẹ̀dọ̀ gbọ́dọ̀ jọ dúró ti aláìsàn kan.

Ìgúnlẹ̀
Iṣẹ́ abẹ yìí ṣọ̀wọ́n, ewu rẹ̀ sì pọ̀. Aláìsàn tí ó là á já yóò máa lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ara kọ ẹ̀dọ̀ tuntun. Bí olùkọ́ bá fẹ́ fi kọ́ni, kí ó kọ́kọ́ ya ìtumọ̀ ọkàn méjèèjì sọ́tọ̀, kí ó tó béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìdí tí ti ọkàn fi ń ṣáájú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè náà ní èdè abínibí rẹ̀ ti mọ ẹ̀kọ́ náà.