Ẹ̀rọ Eré Orí Tẹlifíṣọ̀n: Ṣé Ó Ti Ṣe Tán fún Eré Orí Íntánẹ́ẹ̀tì?

Ẹ̀KỌ́ 17



Lónìí, a óò kà nípa ẹ̀rọ eré. Ẹ̀rọ eré ni àpótí kékeré tí àwọn ọmọ máa ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n á mú ohun ìdarí rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́. Àwòrán inú tẹlifíṣọ̀n á sì máa ṣe ohun tí wọ́n bá fẹ́: á gbá bọ́ọ̀lù, á wa mọ́tò, á ja ìjà. PlayStation, Xbox àti Nintendo ni orúkọ tí ẹ máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn.

Tẹ́lẹ̀, ẹni méjì tó bá fẹ́ ṣe eré yìí gbọ́dọ̀ jókòó pa pọ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n kan. Nísinsìnyí, ọmọ tó wà ní Àjàṣẹ́ lè bá ọmọ tó wà ní Paris ṣe é. Íntánẹ́ẹ̀tì ló ń gbé ìròyìn láàárín àwọn méjèèjì. Èyí ni à ń pè ní eré orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bí ọmọ yín bá ní kí ẹ ra ẹ̀rọ yìí fún òun, owó kékeré kọ́ ni ẹ óò ná. Ẹni tó ń tà á lè sọ fún yín pé, "Ó ti ṣe tán. Ó ń lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì." Ó lè jẹ́ òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n igi kan kì í dá igbó ṣe. Ohun márùn-ún ló gbọ́dọ̀ ṣe tán: ẹ̀rọ, ọ̀nà, ilé tí ọ̀nà náà lọ, owó, àti ẹ̀yin òbí. Ẹ jẹ́ ká gbé wọn yẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

1. Ẹ̀rọ

Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Jàpáánì tó ń jẹ́ Sega. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá ọdún 1998, ó bẹ̀rẹ̀ sí ta ẹ̀rọ eré kan tó pè ní Dreamcast. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1999, ẹ̀rọ náà dé Amẹ́ríkà. Dọ́là 199 ni wọ́n ń tà á níbẹ̀.

Ẹni tó bá rà á níbẹ̀ bá mọ́dẹ́ẹ̀mù nínú rẹ̀. Mọ́dẹ́ẹ̀mù ni ohun tó máa ń sọ ìròyìn ẹ̀rọ di ìró, kí wáyà tẹlifóònù lè gbé e. Nítorí náà, ẹ̀rọ yìí lè lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á.

PlayStation 2 tí ilé-iṣẹ́ Sony ṣe kò rí bẹ́ẹ̀. Ó jáde ní Jàpáánì ní oṣù Kẹta ọdún 2000, ṣùgbọ́n kò ní ojú ibi tí a lè ki wáyà íntánẹ́ẹ̀tì bọ̀. Oṣù Kẹjọ ọdún 2002 ni Sony tó bẹ̀rẹ̀ sí ta ohun tí a óò fi kún un ní Amẹ́ríkà. Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dọ́là 40. Xbox tí ilé-iṣẹ́ Microsoft ṣe jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2001. Òun ní ojú wáyà náà lára láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ rí i pé ó ti lé ní 20 ọdún tí ẹ̀rọ ti ṣe tán. Ohun tó kù ló yẹ ká wò.

2. Ọ̀nà

Wáyà tẹlifóònù ni ọ̀nà Dreamcast. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2000, Sega ṣí ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó pè é ní SegaNet. Wọ́n ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n wáyà kan ṣoṣo ló wà nínú ọ̀pọ̀ ilé. Bí ọmọ bá ń ṣeré, kò sí ẹni tó lè fi wáyà náà pe tẹlifóònù. Wáyà náà kò sì yára.

Ẹ jẹ́ ká fi ayò ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ẹ wà ní Kétu, ọ̀rẹ́ yín wà ní Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ sì fẹ́ jọ ta ayò. Ẹ ta tiyín, ẹ rán ọmọ kan pé kó lọ sọ fún un. Ọ̀rẹ́ yín ta tirẹ̀, ó rán ọmọ náà padà. Bí ọmọ náà bá pẹ́ lọ́nà, kò burú. Ayò lè dúró dè é. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kì í dúró. Bí ẹ bá gbá bọ́ọ̀lù, tí ìròyìn kò tètè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣọ́ ilé, bọ́ọ̀lù á ti wọlé kó tó rí i.

Nítorí náà, ohun méjì ni à ń wá lára ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì. Èkíní, kó lè gba ẹrù púpọ̀. Èkejì, kí ìránṣẹ́ tètè dé.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2001, Sega kéde pé òun kò ní ṣe Dreamcast mọ́. Kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló fà á. Ilé-iṣẹ́ náà ti pàdánù owó púpọ̀, PlayStation 2 sì ti gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀: ẹ̀rọ ti dé kí ọ̀nà tó dé.

Nígbà tí Microsoft ṣí Xbox Live ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 2002, kò gba wáyà tẹlifóònù àtijọ́ rárá. Íntánẹ́ẹ̀tì tó yára nìkan ló gbà. Ní ọdún yẹn, ọ̀pọ̀ ilé tó ní íntánẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà pàápàá kò tíì ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Ní ilẹ̀ tiwa ńkọ́? Okùn íntánẹ́ẹ̀tì ń gba abẹ́ òkun wá sí Kútọnu. SAT-3 ni orúkọ ọ̀kan, ACE sì ni òmíràn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, okùn tuntun kan tí Google ṣe, tó ń jẹ́ Equiano, gúnlẹ̀ sí Lomé ní Tógò. Ọ̀nà ńlá ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ńlá tó dé etíkun kò tíì dé ẹnu ọ̀nà yín. Láti etíkun wá sílé, ọ̀pọ̀ wa ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti orí òpó tẹlifóònù alágbèéká. Bí òpó bá jìnnà, tàbí bí àwọn ènìyàn tó ń lò ó bá pọ̀ lálẹ́, ìránṣẹ́ á pẹ́.

3. Ilé tí ọ̀nà lọ

Ọmọ méjì tó ń ṣeré lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sábà bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà. Kọ̀ǹpútà ńlá kan wà ní ilé-iṣẹ́ tó ni eré náà. Ibẹ̀ ni ìròyìn àwọn méjèèjì ń lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé. Bí ilé-iṣẹ́ bá pa kọ̀ǹpútà náà, kò sí ibi tí wọn óò ti pàdé mọ́. Ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ yín kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n ilé tó ń lọ ti tì.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 2010, Microsoft ti ilẹ̀kùn Xbox Live mọ́ Xbox àkọ́kọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, Nintendo ti ilẹ̀kùn eré orí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ méjì, Wii U àti 3DS.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gan-an. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí à ń rà lọ́jà jẹ́ tòkunbọ̀. Àwọn ará Yúróòpù ti lò wọ́n kí wọ́n tó dé Kútọnu. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ lè tàn, kó mọ́lẹ̀, kó máa ṣeré dáadáa, síbẹ̀ kí ilé rẹ̀ ti tì. Ohun mìíràn tún wà. Bí ẹni tó kọ́kọ́ lò ó bá ti tú inú rẹ̀ kó lè máa lo ayédèrú eré, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é lè ti lé ẹ̀rọ náà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. A kò lè fi ojú lásán mọ èyí. Àfi kí ẹ ní kí ẹni tó ń tà á so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì lójú yín, kó sì ṣe eré pẹ̀lú ẹni tó wà ní ibòmíràn. Ìgbà náà ni kí ẹ tó sanwó.

4. Owó

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Owó ẹ̀rọ nìkan kọ́ ni owó eré.

Èkíní ni owó eré fúnra rẹ̀. Èkejì ni owó tí ilé-iṣẹ́ ń gbà lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún. Láti ìgbà tí PlayStation 4 ti jáde ní ọdún 2013, Sony ń gba irú owó yìí kí ènìyàn tó lè ṣe ọ̀pọ̀ eré lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nintendo bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018. Àwọn eré kan wà tí a kì í san owó yìí lé lórí. Ẹ béèrè kí ẹ tó rà.

Ẹ̀kẹta ni owó íntánẹ́ẹ̀tì. Eré ṣíṣe fúnra rẹ̀ kì í jẹ íntánẹ́ẹ̀tì púpọ̀. Gbígba eré sínú ẹ̀rọ ló ń jẹ ẹ́. Eré ńlá kan lè ju gígà 50 lọ. Lẹ́yìn èyí, ilé-iṣẹ́ á máa fi àtúnṣe ránṣẹ́ láti ìgbà dé ìgbà, ìyẹn náà á sì máa jẹ íntánẹ́ẹ̀tì yín.

5. Ẹ̀yin òbí

Bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn ilé yín sí ìta, ẹ óò fẹ́ mọ ẹni tó ń wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú ọ̀pọ̀ eré, ẹni tí ọmọ yín kò mọ̀ rí lè máa bá a sọ̀rọ̀.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2011, àwọn olè wọ inú kọ̀ǹpútà PlayStation ti Sony. Ìwé orúkọ tó wà níbẹ̀ tó nǹkan bí mílíọ̀nù 77. Àwọn olè náà rí orúkọ, àdírẹ́sì àti ọjọ́ ìbí àwọn ènìyàn. Sony ti ibẹ̀ pa fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, Epic Games, ilé-iṣẹ́ tó ṣe eré Fortnite, gbà láti san mílíọ̀nù 520 dọ́là. Ìjọba Amẹ́ríkà ló fẹ̀sùn kàn án. Wọ́n ní ó kó ìròyìn nípa àwọn ọmọdé jọ láìgba àṣẹ òbí. Wọ́n ní ó jẹ́ kí àwọn àjèjì máa bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Wọ́n tún ní ó ṣe eré náà lọ́nà tí àwọn ènìyàn fi ń ra ohun tí wọn kò fẹ́ rà.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ fi owó orí tẹlifóònù yín ra ohunkóhun láìsọ fún yín. Ẹ ní kó má sọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ilé-ìwé rẹ̀ tàbí àdúgbò yín fún ẹnikẹ́ni nínú eré. Ẹ gbé ẹ̀rọ náà sí yàrá tí gbogbo ilé ń jókòó sí. Inú ẹ̀rọ náà, ibi kan wà tí òbí ti lè dí ọ̀rọ̀ àjèjì àti owó níná lọ́nà. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi hàn yín.

Kí ni ìdáhùn wa?

Ẹ̀rọ ti ṣe tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tà á kò lè sọ fún yín pé ilé yín ti ṣe tán. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè mọ̀. Bí ọ̀nà kò bá tíì dára ní àdúgbò yín, ẹ má san owó eré orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ra ohun ìdarí kejì, kí ọmọ yín àti ọmọ aládùúgbò jókòó pa pọ̀, kí wọ́n ṣeré. Eré náà dùn bẹ́ẹ̀, ẹ sì mọ ẹni tó ń bá ọmọ yín ṣeré.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni mọ́dẹ́ẹ̀mù máa ń ṣe?
2. Kí ló dé tí ayò lè dúró de ìránṣẹ́, tí bọ́ọ̀lù kò sì lè dúró?
3. Báwo ni ẹ̀rọ tí kò bàjẹ́ ṣe lè kọ̀ láti lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì? Ẹ sọ ìdí méjì.
4. Ẹ dárúkọ okùn íntánẹ́ẹ̀tì kan tó dé Kútọnu àti ọ̀kan tó dé Lomé.

ÌṢIRÒ

Ká ní gígà kan íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ 500 owó sẹ́fà. Eré kan jẹ́ gígà 50. Èló ni ẹ óò ná kí eré náà tó wọ inú ẹ̀rọ? Bí àtúnṣe gígà 4 bá ń dé lóṣooṣù, èló ni àtúnṣe nìkan óò jẹ lọ́dún kan?

IṢẸ́ ILÉ

Ẹ kọ ohun márùn-ún tó gbọ́dọ̀ ṣe tán sínú ìwé yín. Ẹ kọ "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bó ṣe rí ní ilé yín. Ẹ kà á fún àwọn ọmọ yín.