Ẹ̀fọ́ Etí Òkun: Ká Tọ́ Ọ Wò Ká Tó Fi Iyọ̀ Sí I

Ibi kíkà: Jóòbù 30:1–4

Nínú ẹsẹ kẹrin, Jóòbù sọ̀rọ̀ àwọn tí ebi ń pa, tí wọ́n ń já ewé jẹ nínú aginjù. Ní èdè Hébérù, orúkọ ewé náà bá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún iyọ̀ tan. Ewé ilẹ̀ oníyọ̀ ni.

Irú rẹ̀ wà nítòsí wa. Bí a bá gba ọ̀nà LASU láti Ìṣẹ̀rí-Olófin dé Ìyànà-Ìbà, tí a yà sí ọ̀nà Àgbádárìgì títí dé etí òkun, a ó rí ewéko kan tí ń fà lórí iyanrìn. Ewé rẹ̀ nípọn, omi kún inú rẹ̀, ó sì jọ pápásan. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Sesuvium portulacastrum. Ibi tí iyọ̀ ti ń pa ẹ̀fọ́ mìíràn ni òun ti ń gbilẹ̀, nítorí ó ń fa iyọ̀ pamọ́ sínú ewé rẹ̀. Àwọn ará Filipínì ń rẹ ẹ́ sínú ọtí kíkan fún jíjẹ.

Nígbà tí a kọ́kọ́ sè é, a fi iyọ̀ sí i bí a ti ń fi sí tẹ̀tẹ̀. Iyọ̀ rẹ̀ kọjá sísọ. Bàbá ilé wa, ẹni tí dókítà ti kìlọ̀ fún nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, rọra jẹ ẹ́ tán kí ojú má bàa tì wá. Láti ọjọ́ náà ni a ti kọ́gbọ́n.

1. Jíjá: Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa bá wa já a. Kí a má já a níbi tí omi ìdọ̀tí ń ṣàn sí, nítorí ó lè fa májèlé bí òjé sínú.

2. Ìpamọ́: Kí a má fọ̀ ọ́ títí a ó fi sè é. Kí a fi aṣọ tó tutù díẹ̀ wé e sínú fíríìjì. Bí kò bá síná, kí a tẹ́ ẹ síbi òjìji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kí a sì tètè sè é. Bí a bá dì í pa sínú ọ̀rá, yóò jẹrà.

3. Sísè: Kí a fọ iyanrìn rẹ̀ kúrò lẹ́ẹ̀mẹta. Kí a bọ̀ ọ́ nínú omi púpọ̀ láìfi iyọ̀ sí i, kí a da omi náà nù, kí a sì fún un. Lẹ́yìn náà ni kí a dà á sínú ata, epo, irú àti ẹja. Magí pẹ̀lú ní iyọ̀. Kí a tọ́ ọ wò ná!

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, èyí tí kò kún ṣíbí tíì kan. Kí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn kíndìnrín bi dókítà rẹ̀ kó tó jẹ ẹ̀fọ́ yìí.

Ìbéèrè fún ìjíròrò: Ta ni iyọ̀ ń pa lára nínú ilé wa? Ṣé a máa ń tọ́ ọbẹ̀ wò ká tó bu iyọ̀ sí i?

Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n nínú ilé ìdáná wa. Àmín.