Queen Méjì Lọ́wọ́, Èèyàn Mẹ́rin Nídìí Tábìlì

ÌBÉÈRÈ: Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo ń gbé, aṣọ ni mò ń tà ní Ìdúmọ̀tà. Àwa ọ̀rẹ́ mẹ́wàá máa ń ta póòkà lálẹ́ Sátidé. Kálukú á dá ₦20,000, a ó sì gba ṣíìpù 5,000. Ẹni tó ṣe kìíní á gba ₦100,000, ẹnì kejì ₦60,000, ẹnì kẹta ₦40,000. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ku àwa mẹ́rin, ṣíìpù wa sì dọ́gba. Ni ọ̀kan nínú wọn bá ní all-in, ó kó gbogbo tirẹ̀ sílẹ̀. Queen méjì ló wà lọ́wọ́ mi, mo sì jù wọ́n nù. Ó ṣí tirẹ̀, Ace àti King ni. Títí di òní ni wọ́n ń pè mí ní ojo. Ṣé lóòótọ́ ni? Èkejì, ìdíje ńlá kan ń bọ̀ ní kàsínò kan ní Victoria Island, mo sì ń rò ó pé kí n yọ nínú owó ọjà mi láti fi wọlé. Kí lẹ rí sí i?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ìwọ kọ́ lojo. Àwọn tó ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀ ń ka ṣíìpù, wọn ò ka owó.

Jẹ́ ká kà á. Owó tó wà nílẹ̀ jẹ́ ₦200,000. Ẹ̀yin mẹ́rin ní ṣíìpù 12,500 lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ní kí ẹ pín owó náà lójú ẹsẹ̀ kí oníkálukú gba ilé lọ, ₦50,000 ni yóò kàn ọ́. Ohun tó ti wà lọ́wọ́ rẹ nìyẹn. Bí o bá dá ọkùnrin yẹn lóhùn, tí o kó ṣíìpù tìrẹ náà sílẹ̀, tí o sì pàdánù, o ti ṣe kẹrin, o ò gba kọ́bọ̀. Bí o bá jẹ, ṣíìpù rẹ di 25,000, ó wá ku ẹ̀yin mẹ́ta. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ á ní owó rẹ ti di ìlọ́po méjì, àbí? Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdajì ṣíìpù ló wà lọ́wọ́ rẹ, nítorí náà bí a bá tà á nígbà ọgọ́rùn-ún, o lè ṣe kìíní nígbà 50, kejì nígbà 33, kẹta nígbà 17. Bí a bá fi owó ipò kọ̀ọ̀kan sí i, gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bíi ₦76,667 lọ.

Ibo wá ni ìyókù lọ? Ọ̀dọ̀ àwọn méjì tó jókòó tí wọ́n ń wò yín. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kúrò ní ₦50,000, ó bọ́ sí nǹkan bíi ₦61,667, láìfi ṣíìpù kan sílẹ̀. Bí ẹ̀yin méjì bá ti kọlu ara yín, inú àwọn tó ń wòran ló máa ń dùn jù. Mo fẹ́ kí ìyẹn wà lọ́kàn rẹ ju gbogbo ohun tí mo bá sọ lónìí lọ.

Nítorí náà, ₦50,000 lo fẹ́ fi wá ₦26,667. Kí irú òwò bẹ́ẹ̀ tó lè mú èrè wá, o gbọ́dọ̀ máa jẹ nígbà 65 ó kéré tán nínú ọgọ́rùn-ún. Queen méjì máa ń na Ace àti King nígbà bíi 56 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò tó. Owó dandan tí ẹ ti fi sílẹ̀ kí ẹ tó pín káàdì, ìyẹn blind, lè dín 65 yẹn kù díẹ̀, àmọ́ bí blind náà kò bá tóbi jù, kò lè fà á dé 56. ICM ni àwọn atapóòkà ń pe ìṣirò yìí. Mason Malmuth ló gbé e wá sí etígbọ̀ọ́ wọn lọ́dún 1987.

Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn ọ́. Nígbà tí o ju káàdì yẹn nù, o ò tíì rí ohun tó wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Bó bá jẹ́ ẹni tí kì í kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ àyàfi tó bá di Ace méjì, King méjì tàbí Ace àti King mú, o ṣe é re. Bó bá sì jẹ́ aláìnísùúrù tó ń fi Ace àti 7 tàbí 5 méjì fọ́nnu, Queen méjì rẹ á na ti àkọ́kọ́ nígbà bíi 70 nínú ọgọ́rùn-ún, á sì na ìkejì nígbà bíi 80. A jẹ́ pé ó yẹ kí o dá a lóhùn nìyẹn. Ìwọ lo mọ ọ̀rẹ́ rẹ. Ìwà ẹni tó kó ṣíìpù sílẹ̀ wúwo nínú ìṣirò yìí ju ẹwà káàdì ọwọ́ rẹ lọ.

Ní ti orúkọ ojo yẹn, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni ọ́, o mọ ìtàn Ọba Kòsọ́kọ́. Òun àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì padà ní oṣù Kọkànlá ọdún 1851. Nígbà tí àwọn yẹn tún dé pẹ̀lú ìbọn ńlá ní oṣù Kejìlá, tí ogun ti yí padà, Kòsọ́kọ́ kò dúró kú sí Èkó. Ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Lọ́dún 1854, àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìí kan náà bá a tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn. Lọ́dún 1862, ó padà wá sí Èkó. Akínkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá, á bá ogun lọ.

Síbẹ̀, sísá nìkan kọ́ ni ọgbọ́n. Ẹni tó bá ń sá fún gbogbo ìjà, blind ni yóò jẹ ẹ́ tán. Bí ṣíìpù rẹ bá ti ń sún mọ́ ìlọ́po mẹ́wàá blind ńlá, má dúró de Ace méjì mọ́. Wá káàdì tó dára díẹ̀, kí ìwọ fúnra rẹ kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú ẹlòmíràn. Ọ̀nà méjì ni ẹni tó kọ́kọ́ kó o sílẹ̀ ní láti jẹ: àwọn tó kù lè bẹ̀rù kí wọ́n ju káàdì nù, tàbí kí káàdì rẹ̀ borí. Ẹni tó ń dáhùn kò ní ju ọ̀nà kan lọ. Lọ́dún 1982, ní World Series of Poker ní Las Vegas, ṣíìpù kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù sọ́wọ́ Jack Straus, síbẹ̀ òun ló ṣe kìíní. Ó dúró, ó sì tún jà.

Ìṣirò kan náà máa ń yí bí owó bá yí. Bí ẹ bá ní ẹnì kan ṣoṣo ni yóò kó ₦200,000, ìgbà 50 ti tó fún ọ láti dáhùn, Queen méjì yẹn kò sì ní ṣeé jù nù. Bákan náà ni bó bá ku ẹ̀yin méjì péré, nítorí ₦60,000 ti dá yín lójú.

Ní ti owó ọjà, ọkàn mi kò balẹ̀ rárá. Ṣíìpù tó bá tán lọ́wọ́ rẹ ní Sátidé, o lè ra òmíràn ní Sátidé tó ń bọ̀. Owó aṣọ kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìdíje ńlá, àwọn tó ń gba owó sábà máa ń jẹ́ bíi 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọwọ́ òfo ni ìyókù ń gbé lọ sílé, àwọn tó mọ̀ ọ́n ta dáadáa sì pọ̀ nínú wọn. J. L. Kelly, tó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, ṣírò iye tó yẹ kéèyàn fi ta lọ́dún 1956: bó bá dá ọ lójú pé o ó jẹ nígbà 60 nínú ọgọ́rùn-ún, tí owó tí o fi ta sì ń di ìlọ́po méjì bí o bá jẹ, ìdá kan nínú márùn-ún owó rẹ ni kí o fi sílẹ̀. Bí o bá ń fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn tí o bá ti ta á lẹ́ẹ̀marùn-ún, àǹfààní pé kọ́bọ̀ kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ kò tó 8 nínú ọgọ́rùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ìwọ ni káàdì ń ṣe ojúrere sí o!

Nítorí náà, fi owó aṣọ sílẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà. Bí ₦20,000 ti Sátidé bá ń mú èrè wá, tọ́jú èrè yẹn sọ́tọ̀, títí yóò fi tó iye tí o lè pàdánù láìyá owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà náà, kọ́kọ́ rí i pé kàsínò náà ní ìwé àṣẹ Lagos State Lotteries and Gaming Authority, kí o sì béèrè bí wọ́n ṣe ń pín owó: ipò mélòó ni wọ́n ń san, èló ló sì wà láàárín ipò kan àti èkejì. Kọ ọ́ sílẹ̀ sínú ìwé kékeré kí o tó san owó ìwọlé.