Ohun Tí Ó Mú Kí Asye Wú

Ẹni tí ó bá dúró sí etí oko ní Àkànràn ní alẹ́ oṣù karùn-ún ọdún, lẹ́yìn tí òjò bá ti dá tí ojú sánmọ̀ sì mọ́, yóò rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìràwọ̀ ní ìhà gúúsù. Ibẹ̀ ni Nyamien wà, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè rí i. WASP-15 ni àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń pè é tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2019 ni àwọn ará Ivory Coast sọ ọ́ ní Nyamien, orúkọ Ẹlẹ́dàá lẹ́nu àwọn Akan. Wọ́n sì sọ pílánẹ́ẹ̀tì tí ń yí i ká ní Asye, òrìṣà ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Asye, tí a kéde rẹ̀ ní ọdún 2009, rú àwọn ọ̀mọ̀wé lójú. Ìwọ̀n rẹ̀ fi díẹ̀ ju ìdajì ti Júpítà lọ, síbẹ̀ ìbú rẹ̀ fi bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ju ti Júpítà. Ó sún mọ́ ìràwọ̀ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọdún kan níbẹ̀ kò fi pé ọjọ́ 4 tiwa.

Kí ni ó wú u? Ẹ mú wáyà kan, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn kíákíá ní ojú kan náà, kí ẹ sì fi ọwọ́ kàn án. Ó ti gbóná, bẹ́ẹ̀ ni iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí òòfà òṣùpá ti ń mú kí omi òkun kún kí ó sì fà ní etíkun Èkó, bẹ́ẹ̀ ni òòfà ìràwọ̀ ń na pílánẹ́ẹ̀tì tí ó wà nítòsí rẹ̀. Bí ipa ọ̀nà pílánẹ́ẹ̀tì náà bá rí bí ẹyin, bí ó bá sún mọ́ ìràwọ̀, a nà gidigidi. Bí ó bá jìnnà díẹ̀, a dẹ̀. Nínà àti dídẹ̀ yìí ni ó ń mú inú rẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ tí ó bá sì gbóná kò lè ṣe kí ó má fẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1979, Peale àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì kọ ọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni inú Io, ọ̀kan nínú àwọn òṣùpá Júpítà, yóò ti gbóná. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni Voyager 1 rí òkè tí ń yọ iná níbẹ̀!

Ṣùgbọ́n ooru yìí kì í ṣe ọ̀fẹ́. Láti inú ìrìn pílánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ni ó ti ń wá, nítorí náà ipa ọ̀nà tí ó rí bí ẹyin a máa di róbótó díẹ̀díẹ̀, ooru náà a sì kú. Ipa ọ̀nà Asye dà bí èyí tí ó ti di róbótó. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan wí pé ooru ìgbà àtijọ́ lè ṣẹ́ kù sínú irú pílánẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀; àwọn mìíràn wí pé ooru ìràwọ̀ ni ó ń wọ inú wọn lọ. Ní ti Asye, ti àwọn ìkẹyìn yìí ni mo fara mọ́.

Ti WASP-107b yàtọ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ti Júpítà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó o. Ipa ọ̀nà tirẹ̀ kò tíì di róbótó tán. Ní ọdún 2024, awò James Webb tí ó wà ní òfuurufú fi hàn pé inú rẹ̀ gbóná ju bí a ti rò lọ, nínà àti dídẹ̀ ni àwọn tí ó yẹ̀ ẹ́ wò sì kà sí ìdí rẹ̀.